Ṣẹ́ẹ̀tì Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Lórí Okùn

Bí ẹ bá ń wá ìjà tí ẹ ò rí, ẹ lọ sọ fún Mọ́tónítóní pé aṣọ tó fọ̀ fún yín kò mọ́. Obìnrin náà ò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tó ti ènìyàn mẹ́ta. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ ládùúgbò. Mọ́tónítóní ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ń gbé aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́: "Ó mọ́ tónítóní, àbí kò mọ́?" Ta ló láyà láti sọ pé kò mọ́?

Alágbàfọ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mú un jókòó ti báàfù, tó ní kó máa gbo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì títí ìdọ̀tí á fi bẹ̀bẹ̀. Ọdún kẹrìnlélógójì rèé, kò tíì ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ. Tábìlì ìlọṣọ wà níwájú, pákó ìkáṣọsí mẹ́ta wà lára ògiri, báàfù mẹ́rin tò sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan náà, ó sì gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè gba inú ilé kọjá, nítorí gírísì.

Aṣọ tó bá wọlé, Mọ́tónítóní á fi òwú gán àmì sí inú ọrùn rẹ̀. Àwọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ti ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, kò nílò òwú. Ó máa ń sọ pé ènìyàn lè fi ẹnu parọ́, pé aṣọ wọn ni kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ ọkùnrin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìyàwó onítọ̀hún tó mọ̀, nítorí epo ọkọ̀ kò sí létí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ mọ́. Ó mọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ní olólùfẹ́, nítorí kò pẹ́ tó fi ní kí wọ́n bá òun lọ sòkòtò kó mú bí ọ̀bẹ. Kò bímọ. Ó ti sunkún ìyẹn tán tipẹ́, ó ti nu ojú, ó ti padà sídìí báàfù. Síbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọkùnrin kan lójú títì yẹn tí kì í ṣe òun ló fọ ìlédìí rẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ni wọ́n kó aṣọ wá bá a nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ibodè. "Ẹ bá wa fọ̀ ọ́ o, à ń bọ̀." Wọ́n ki tíkẹ́ẹ̀tì bọ àpò, wọ́n wọ ọkọ̀ ológun, wọ́n lọ. Ogun ọ̀hún ti wọ ọdún kẹta báyìí. Láràárọ̀ ni rédíò ń sọ pé à ń borí.

Mọ́tónítóní á dáwọ́ ìlọṣọ dúró, á kọjú sí rédíò. "Bó bá jẹ́ pé à ń borí lóòótọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ tún ń wá ènìyàn sí i?"

Ọkọ rẹ̀ á sì dáhùn láti ìdí kẹ̀kẹ́: "Rédíò ò létí o. Ẹnu nìkan ló ní, bíi ti ẹnì kan tí mo mọ̀."

Òfin iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni pé aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò bá wá gbà fún oṣù mẹ́fà, títà ni. Ìdì méje wà lórí pákó òkè tó ti lé ní ọdún méjì. Kò tà wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó kó wọn síta kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì kan ti gba gbogbo okùn tó wà lẹ́yìnkùlé, ló bá so okùn mọ́ òpó iná níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sá wọn síbẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó béèrè ẹni tó ni wọ́n. Mọ́tónítóní ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ń tò wọ́n, ó ń dárúkọ wọn. Ti bíríkìlà tó kọ́ ògiri ilé ìwé nìyí, kò padà. Ti ọmọ tó máa ń súfèé nìyí. Òun náà ò padà. Nígbà tó fi máa yíjú, ó lé ní ogún ènìyàn tó dúró sójú títì, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo nínú wọn. Ọkùnrin kan tó jẹ́ pé òun ló máa ń sọ pé ogun náà dára ṣí fìlà lórí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Mọ́tónítóní lára.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé àwọn ológun ń bọ̀ ní pápá lọ́jọ́ Ẹtì láti gba orúkọ igba ọ̀dọ́. Ojú títì yẹn nìkan ló lọ sí pápá. Mọ́tónítóní bá gbéra. Ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni lẹ́tà ikú ti wọ̀ ládùúgbò, gbogbo ilẹ̀kùn wọn ló sì kàn. Ó fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, àti ìwé pélébé tí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ há a láyà: ọjọ́ orí ẹni tó ni ín, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ẹni tó ń retí rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ forúkọ sílẹ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, láyà sí àyà. "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n," ló sọ fún wọn. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fún àwọn tó kù."

Àwọn kan ní kí ló kàn án, ṣé ó lọ́mọ lójú ogun ni? Ó ní, "Èmi ni mò ń fọ̀ wọ́n. Mo mọ ọrùn wọn ju akọ̀wé tó kọ lẹ́tà sí yín lọ."

Ẹni tó kọ́kọ́ gbà ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, àgbà obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ tó máa ń súfèé yẹn, ló máa ń gbé búrẹ́dì kiri fún un láàárọ̀. Èṣí ni lẹ́tà rẹ̀ dé. Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì ti gbà ni gbogbo ilé gbà. Ìdì ọmọ rẹ̀ wà lára méje ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n mú nínú rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì kan tó wà nílé ló gbé wá, nínú ọ̀rá tó ta ní kókó mẹ́ta. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó ní, "Aṣọ rẹ̀ nìyí," ó sì yára padà kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mọ́tónítóní fọ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì náà. Kò sẹ́ni tó ní kó fọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni obìnrin bíi tirẹ̀ ṣe máa gbé aṣọ tí kò mọ́ síta, tí gbogbo ayé á máa wò? Ó rẹ wọ́n, ó gbo wọ́n, ó fi búlúù sí funfun, ó ta wọ́n ní sítáàṣì. Ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ló fún un níṣẹ́ jù. Òógùn ti dì sí abíyá rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti pọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbo ó. Nígbà tó lọ̀ ọ́ tán, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé e han ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ìyàwó àkọ́bí Ìyá Oníbúrẹ́dì yà ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Màmá ní kí n bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá ti sá a lọ́jọ́ Ẹtì, kẹ́ ẹ tètè ká a kí oòrùn má baà gbé òórùn rẹ̀ lọ. Wọn ò fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tó ti bọ́ ọ sílẹ̀. Inú ọ̀rá yẹn ni wọ́n máa ń ki imú bọ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó dáná."

Ìyàwó náà dúpẹ́, ó lọ. Mọ́tónítóní dúró sídìí tábìlì, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jó aṣọ òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, kò sì mọ̀. Èéfín ló pe ọkọ rẹ̀ wọlé.

Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó, ó fi ọwọ́ gírísì gbá orí mú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Mo máa wọ̀ ọ́ gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé títí dọ̀la. Abíyá kì í ṣe abíyá ni?"

Mọ́tónítóní wò ó. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, a ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́ tàbí ẹkún. "Ẹ fẹ́ kí obìnrin yẹn máa ki imú bọ abíyá yín láràárọ̀ títí tó máa fi kú? Irọ́ á lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá." Ó dìde, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó mú ọ̀nà ilé búrẹ́dì pọ̀n.

Ó mọ ohun tó ń lọ fi tà. Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì bá fà sẹ́yìn, gbogbo ìyá á fà sẹ́yìn, igba ọ̀dọ́ á sì gba ojú títì òfìfo lọ sí pápá. Bó bá dákẹ́, okùn á pé. Síbẹ̀ kò dúró lọ́nà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Ààrò ti ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá," ni Mọ́tónítóní wí látẹnu ọ̀nà, "mo ti fọ̀ ọ́."

Ìyá Oníbúrẹ́dì nu ọwọ́ rẹ̀ ní sùúrù, ìka kan tẹ̀lé ìkejì. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé abíyá kan sí imú, ó gbé ìkejì, ó gbé ọrùn.

"Ọṣẹ," ló wí. "Ọṣẹ ni gbogbo rẹ̀."

"Ìyá, ọwọ́ mi ni kò lè rí ìdọ̀tí kó fi í sílẹ̀. Mi ò ronú. Mi ò ní àwáwí kankan."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ mi. Àwọn sójà gba ara rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ fún mi lókùú. Ìwọ wá gba ìyókù. Ìwọ tó ò bímọ, kí lo máa mọ̀ nípa ẹ̀? Jáde nílé mi."

Ọ̀rọ̀ àìbímọ yẹn dùn ún wọ egungun, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lórí ilẹ̀ ìyẹ̀fun, ó dìde, ó lọ.

Lọ́jọ́bọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ojú ń ti àwọn ìyá náà, wọn ò bú u. "Ṣó o rí i, bí Ìyá Oníbúrẹ́dì ò bá sí níbẹ̀..." Mọ́tónítóní ká aṣọ kọ̀ọ̀kan fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, méjìdínlógún ti lọ. Tí a bá fi ti Ìyá Oníbúrẹ́dì kún un, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ṣẹ́kù.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé kò ní dáa ká fi í sílẹ̀ ná? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré? Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni?"

Kàkà kéwé àgbọn rẹ̀ dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ó na okùn láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù dé géètì pápá, ó sá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, kò sì fún wọn mọ́ra kí okùn lè dà bí èyí tó kún. Àyè mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wọ̀n. Níbi tí ṣẹ́ẹ̀tì ò sí, ó fi pẹ́ẹ̀gì méjì há okùn lásán.

Oòrùn ò tíì mú nígbà tí akọ̀wé káńsù dé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. "Màdáàmù, ta ló yọ̀ǹda fún yín láti gbé nǹkan kọ́ sójú títì?"

"Aṣọ ni mò ń sá, ọ̀gá. Alágbàfọ̀ ni mí."

"Aṣọ tó ní ìwé láyà?"

"Kí n má baà gbé ti onílé fún àlejò ni."

Akọ̀wé fọwọ́ kan èyí tó sún mọ́ ọn. "Aṣọ yìí ti gbẹ. Aṣọ tó bá ti gbẹ, ká a."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Bàbá, ẹ bá mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wá!" Ó fi abọ́ bu omi, ó da á sí ìdí ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan níbi tí kò ti ní kan ìwé. Omi ń kán tó tó tó sórí bàtà akọ̀wé. Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní òun ń padà bọ̀ láìpẹ́. Mọ́tónítóní ní kó máa rọra, pé oòrùn ọjọ́ náà ò le, pé wọ́n lè má gbẹ títí ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ló na okùn fún. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọjá ní méjì-méjì. Bí wọ́n bá dé ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì wà, wọ́n á rọra. Bí wọ́n bá dé àlàfo, wọ́n á tún máa tàkúrọ̀sọ, wọ́n á yára. Àlàfo sì pọ̀ ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Mọ́tónítóní rí i, ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́, ó sì ń bu omi.

Ìgbà náà ni Ìyá Oníbúrẹ́dì yọ lókè títì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó wọ̀ ọ́ lé aṣọ tirẹ̀, bọ́tìnnì ò pàdé láyà. Inú rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò láti ìdájí. Ìyẹ̀fun ti bò ó, òógùn ti mú ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rin. Ó ń bọ̀ láàárín títì, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

"Èwo ni àyè rẹ̀?"

"Ìkẹta sí òpó iná, Ìyá."

Ó lọ dúró sáàárín pẹ́ẹ̀gì méjèèjì. "Ìwé rẹ̀ dà?" Mọ́tónítóní mú un jáde láti àyà rẹ̀, ó há a mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó ń gbé búrẹ́dì kiri. Ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Mo mọ̀, mà."

"Kó o mọ̀ ọ́n dáadáa."

Nígbà tí akọ̀wé padà dé, ọlọ́pàá kan tẹ̀lé e. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò jẹ́ kó lanu. "Èyí ò sí lórí okùn, ọ̀gá. Ara ènìyàn ló wà. Ẹ wá bọ́ ọ lọ́rùn mi. Àbí ẹ ò mọ̀ mí ni? Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí lẹ́tà tó wá sílé mi. Ẹ ka ti àyà mi náà."

Akọ̀wé kà á wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ kà á sókè."

Ó kà á sókè. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa ní ìparí. Ọlọ́pàá yẹn ló fa ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi lọ, wọn ò sì padà wá mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, méje nínú àwọn ìyá tó gba aṣọ wọn ti wọ̀ ọ́ wá. Mẹ́rin gbé tiwọn wá lọ́wọ́. Àwọn yòókù ò wá, àlàfo wọn sì wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ò rí ibi yára mọ́. Wọ́n ń kọjá láàárín ìyá àti aṣọ, ìyá àti aṣọ, wọ́n ń ka àyà. Ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú Ìyá Oníbúrẹ́dì. "Mà, ṣé èyí tó máa ń súfèé láàárọ̀ ni?" Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọkùnrin náà yí padà, ó gba ọ̀nà ilé wọn lọ. Igba ni àwọn ológun wá gbà. Àádọ́jọ ó lé ní mẹ́fà ni wọ́n rí. Àwọn kan ní iye yẹn ṣì pọ̀. Òótọ́ ni, ó pọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Mọ́tónítóní bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sí imú, ó sì mí kanlẹ̀. "Ara mi ni mò ń gbọ́," ló wí. "Mo rò pé tí mo bá wọ̀ ọ́, màá rí díẹ̀ lára rẹ̀. Kò sí i níbẹ̀."

Mọ́tónítóní ò mọ̀ bóyá òun ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́, ó mú ìka obìnrin náà, ó gbé e sí èjìká òsì ṣẹ́ẹ̀tì. "Ẹ fọwọ́ pa á níbí, mà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọwọ́ pa apá ọ̀tún."

Ìyá Oníbúrẹ́dì fọwọ́ pa á. Apá ọ̀tún nípọn. Ti òsì ti fẹ́lẹ́ bí ewé, òwú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ibì kan tó gùn tó etí páànù.

"Ibẹ̀ ló máa ń gbé búrẹ́dì yín lé," ni Mọ́tónítóní wí. "Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyá. Kò kúrò."

Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró síbẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ lórí èjìká yẹn. Ó sunkún, kò sì fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó pẹ́, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó nà án síwájú.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní wọ́n tún ń bọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì, oṣù tó ń bọ̀."

"Fọ̀ ọ́," ló wí. "Orí okùn ni kó wà lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọrùn mi. Ẹnu géètì gan-an ni kó o sá a sí. Èmi máa dúró tì í."

Mọ́tónítóní fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.